ÌWỌ̀FÀ ÀNÁ ÀTI ỌMỌ Ọ̀DỌ̀ ÒNÍ

Nínú ìwé ọdọọdún wa yìí, ọ̀rọ̀ ọ̀nà, omi, iná mànàmáná àti ọjà ni a sábà máa ń sọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ìlú tí kò ní ọ̀nà kò lè lọ síwájú. Ṣùgbọ́n ní ọdún yìí, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ olóòtú kí n sọ ìtàn kan tí kì í ṣe ti títì, bí kò ṣe ti inú ilé. Ìtàn náà ni bí àìní àti àìfọkànbalẹ̀ ṣe máa ń wọ inú ẹbí, àti ẹni tí ó máa ń san gbèsè rẹ̀.

Ohun tí ó sún mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ bí ọdún mọ́kànlá. Kò sí òwúrọ̀ tí kì í sùn lórí tábìlì. Mo bá a wí títí, ó sú mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sọ fún mi pé aago mẹ́rin ìdájí ni ó máa ń jí. Pé òun ni ó ń pọn omi, tí ó ń fọ abọ́, tí ó ń wẹ ọmọ mẹ́ta fún ọ̀gá rẹ̀, tí ó sì ń kiri búrẹ́dì yí àdúgbò ká kí agogo ilé-ìwé tó lù. Nígbà tí mo bi í pé níbo ni ìyá rẹ̀ wà, ó dárúkọ ìletò kan tí èmi kò gbọ́ rí, ó ní òun kò mọ ọ̀nà ibẹ̀ mọ́. Mo ránṣẹ́ pe obìnrin tí ó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àyè ọmọ náà ṣófo. Àwọn tí mo bi ní àdúgbò ní wọ́n ti mú un lọ. Ta ni ó mú un lọ? Ibo ni wọ́n mú un lọ? Kò sí ẹni tí ó mọ̀. Nínú ìlú tí ó kún bámúbámú báyìí, ọmọ kan lọ, kò sí ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú pé àwọn baba wa, tí àwa alákọ̀wé máa ń fojú tín-ín-rín, kì í jẹ́ kí ọmọ lọ sí ilé onílé láìsí ẹlẹ́rìí. Ìdí nìyí tí mo fi padà sínú ìtàn.

NÍ ÌGBÀ OGUN

Bí a bá wádìí rẹ̀ dáadáa, agbára káká ni a ó fi rí ìdílé kan ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ní Rẹ́mọ, ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Àwórì tí ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò kàn. Lẹ́yìn tí Òwu tú ní àwọn ọdún 1820, ogun kọjú sí àwọn ìlú Ẹ̀gbá, ó sì ń tú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí àwọn tí ó ṣẹ́kù fi kó jọ sábẹ́ Olúmọ ní 1830, tí Ṣódẹkẹ́ ṣe aṣáájú wọn. Àwa tí a ń gbé ní Mowe, ní Ibafo àti ní gbogbo Ọbáfẹ́mi-Òwódé lónìí, àárín àwọn ènìyàn tí ogun náà tú ká ni a ti ṣẹ̀ wá.

Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ogun, orúkọ àwọn balógun ni a máa ń pè. Ṣùgbọ́n inú ilé ni ogun ti máa ń jà jù. Ẹ wo ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí, tí wọ́n kó ní Òṣogùn ní 1821 pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Ó ti ọwọ́ olówó kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn, títí wọ́n fi tà á fún àwọn Potogí ní Èkó. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní oṣù Kẹrin 1822. Òun ni ó padà di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ní oṣù Kẹjọ 1846, nígbà tí ó ti di àlùfáà, ó fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ìyá náà pàápàá ti ṣe ẹrú rí lẹ́yìn tí wọ́n pínyà, kí àwọn ẹbí tó rà á padà. Àwọn àgbà ní ẹrú ní baba, ọ̀nà ni ó jìn. Fún ẹnìkan yìí, ọ̀nà là. Fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún mìíràn, kò là títí wọ́n fi kú.

Ẹ sì jẹ́ kí a kíyè sí i pé ogun kò ba gbogbo ènìyàn jẹ́ bákan náà. Ẹni tí ó ní ìbọn, tí ó ní ẹṣin, tí ó ní ènìyàn lẹ́yìn, ní ńṣe ni ogun ń sọ ọ́ di ọlọ́lá sí i. Ẹni tí kò ní ju oko àti ọmọ lọ ni ogun ń gba oko lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó wá ku ọmọ nìkan. Nígbà tí Ìbàdàn dó ti Ìjàyè ní 1860 títí ìlú náà fi tú ní oṣù Kẹta 1862, ebi pa àwọn ará Ìjàyè débi pé àwọn òbí ń fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà nítorí oúnjẹ. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a yára dá àwọn òbí náà lẹ́bi. Ọmọ tí ó bá lọ sí ilé olówó lè rí iyán jẹ, èyí tí ó bá dúró ti ìyá rẹ̀ lè kú.

OHUN TÍ ÌWỌ̀FÀ JẸ́

Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 ṣùgbọ́n tí a kò tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ṣe àlàyé ìwọ̀fà dáadáa. Ó ní ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, àní ọ̀rọ̀ ẹnu wa pàápàá fi ìyàtọ̀ hàn: ẹrú ni a ń rà, ìwọ̀fà ni a ń yá. Bí gbèsè bá wọ ilé, ìbáà ṣe ti òkú sísin, ti àìsàn, ti ẹjọ́ tàbí ti ìgbéyàwó, ẹni tí ó fẹ́ yá owó yóò lọ bá olówó pẹ̀lú onígbọ̀wọ́ àti ẹlẹ́rìí. Olówó yóò ka owó ẹyọ sílẹ̀ lójú gbogbo wọn. Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni ó dúró fún èlé. Ojú owó wà níbẹ̀ bí ó ti wà. Bí a bá san ojú owó náà lẹ́yìn oṣù kan tàbí lẹ́yìn ogún ọdún, iye kan náà ni, ìwọ̀fà yóò sì padà sí ilé baba rẹ̀ lómìnira.

Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin tí ó ti dàgbà, ilé ara rẹ̀ ni yóò máa gbé, yóò máa ṣe iṣẹ́ ti ara rẹ̀, yóò sì máa lọ sí oko olówó ní ọjọ́ tí ó yẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọmọdé, ilé olówó ni yóò máa gbé, kò sì sí ọjọ́ tí í ṣe tirẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé mo ń yin ìwọ̀fà. Ìwà búburú ni, ibi tí ó ti burú jù sì nìyí: ẹni tí ó jẹ gbèsè kọ́ ni ó sábà máa ń lọ sìn ín. Baálé ni ó yá owó, ọmọ tàbí àbúrò ni ó lọ. Iṣẹ́ ọmọ náà kò sì dín gbèsè kù ní ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n wọ ilé olówó ní kékeré tí wọ́n jáde ní géńdé. Ṣùgbọ́n, kí a sọ òtítọ́, ìwọ̀fà ní ohun mẹ́ta tí èmi kò rí fún ọmọ tí ó ń sùn ní kíláàsì mi. Ó ní onígbọ̀wọ́ tí ó mọ ilé tí ó ti wá. Ó ní àdéhùn tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ó sì ní ọ̀nà tí yóò gbà padà.

OWÓ-ORÍ ÀTI ỌJÀ TÍ Ó KÚ

Nígbà tí ogun dáwọ́ dúró, tí reluwé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Èkó gba Ìfọ̀ kọjá, tí a sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọkàn ti balẹ̀. Obì àti kòkó ń lọ sí Èkó, owó ń wọlé. Ṣùgbọ́n àìfọkànbalẹ̀ kàn pa aṣọ dà ni. Òmìnira ìjọba Ẹ̀gbá dópin ní 1914. Ní 1918, wọ́n gbé owó-orí tuntun dé: ṣílè márùn-ún fún ọkùnrin, ṣílè méjì àbọ̀ fún obìnrin. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà ni àwọn ará oko dìde nínú ohun tí a ń pè ní Ogun Adùbí. Wọ́n hú irin reluwé, wọ́n gé wáyà tẹlígíráàfù, wọ́n sì pa Ọ̀sílẹ̀ Òkè-Ọnà. Àwọn ọmọ-ogun ìjọba ṣẹ́gun wọn, owó-orí náà sì dúró.

Ní 1929, nǹkan dojú rú ní gbogbo ayé, iye tí wọ́n ń ra kòkó wó lulẹ̀, ó sì ń wó lọ fún ọdún púpọ̀. Owó-orí kò wó pẹ̀lú rẹ̀. Kí ni àgbẹ̀ yóò fi san án? Lẹ́ẹ̀kan sí i, ojú yí sí ọmọ.

Ìyá tí ó bí baba mi ṣe ìwọ̀fà rí. Inú ìwé kọ́ ni mo ti rí i, ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ. Ní àwọn ọdún tí ọjà kú náà, baba wọn ṣòkú, owó tí ó yá láti fi ṣe é kò ṣe é san mọ́, ni wọ́n bá mú wọn lọ sí ilé olówó nígbà tí wọn kò tí ì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Ọdún méje ni wọ́n fi wà níbẹ̀. Wọn kò sọ fún wa pé a nà wọ́n, wọn kò sì sọ pé a kò nà wọ́n. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé onígbọ̀wọ́ baba wọn, àgbà kan láti ìletò wọn, kì í jẹ́ kí ọdún kan kọjá láìdé ọ̀dọ̀ wọn. A máa wo ara wọn, a máa bi wọ́n bí wọ́n bá jẹun, a sì máa sọ fún olówó ní etígbọ̀ọ́ wọn pé, “Ẹ rántí o, ọmọ ẹnìkan ni.” Títí ìyá àgbà fi kú, kò sí alẹ́ tí wọn kì í pe orúkọ gbogbo àwa ọmọdé inú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Mo rò pé àṣà àgbà lásán ni, títí mo fi dàgbà tí mo mọ ohun tí wọ́n ń wá.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ nípa ìwọ̀fà tipẹ́, wọ́n sì fi ojú fò ó dá. Ní àwọn ọdún 1920 àti 1930 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin ká a lọ́wọ́ kò, pàápàá ti ọmọdé. Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ní 1947, lábẹ́ Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí òun náà jẹ́ olùkọ́, wọ́n yí ààfin ká nítorí owó-orí. Lára ohun tí ó dùn wọ́n jù ni pé àwọn agbowó-orí ń tú ọmọdébìnrin sí ìhòhò láti mọ̀ bóyá ó ti dàgbà tó ẹni tí yóò san owó. Ẹ wo ibi tí owó-orí wọ inú ilé dé! Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀ ní 1948, ó sì fi oyè sílẹ̀ ní oṣù Kìíní 1949.

Ní tèmi, ohun tí ó ṣe ìwọ̀fà ọmọdé léṣe jù ní ìpínlẹ̀ wa kì í ṣe ọlọ́pàá, ilé-ìwé ni. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Ní 1954, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé jẹ́ 456,600. Ní 1955, wọ́n di 811,432. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ bá ti wà nínú rẹ́jísítà, ìlú ti mọ̀ ọ́n. Bí kò bá wá, ẹnìkan yóò béèrè.

MOWE ÒDE ÒNÍ

Ní 1978 ni a ṣí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Títì yìí ni ó sọ Mowe àti Ibafo, tí wọ́n jẹ́ ìletò oko, di ìlú tí a kò rí òpin rẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò lè san owó ilé ní Èkó wá sí ọ̀dọ̀ wa; ẹni tí ó fẹ́ fi owó díẹ̀díẹ̀ kọ́lé wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ìlú wa gbòòrò, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò kan ṣoṣo ni ẹ ó ti rí ilé tí ó ní ògiri gíga, tí ó ní kànga ẹ̀rọ àti ẹ̀rọ amúnáwá, tí àwọn ìyàwó ilé yàrá kan sì ń tò síwájú rẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì láti ra omi.

Ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá ni wọ́n ń kúrò nílé ní aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí, tí wọn kì í padà kí ọmọ tó sùn. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọkọ̀ ti gun òkè fíofío, àwọn mìíràn sì ń sùn sí Èkó di ọjọ́ Jímọ̀. Ta ni yóò wẹ ọmọ? Ta ni yóò gbà á ní ilé-ìwé? Ní ibòmíràn, ní ìletò kan ní Òkè-Ògùn, tàbí ní ilẹ̀ Benin àti Tógò, ìyá kan wà tí kò mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ yóò jẹ. Alágbàtà kan mọ ilé méjèèjì. Àìní méjì pàdé lórí ọmọ kan. Ìyá tí ó gba ọmọ ọ̀dọ̀ kì í ṣe ọ̀dájú dandan. Òun náà ń sáré kí ẹrù má wó lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹrù náà wó lé ẹni tí ó kéré jù.

Bí ó bá sì jẹ́ ẹni tí ó burú ni alágbàtà bá ta ọmọ fún ńkọ́? Kò tíì pẹ́ tí a rí i ní ìpínlẹ̀ wa níbí. Ní 2003, ó lé ní 100 ọmọ láti ilẹ̀ Benin tí àwọn ọlọ́pàá kó jáde ní ibi tí a ti ń fọ́ òkúta ní agbègbè Abẹ́òkúta, púpọ̀ nínú wọn láti Zakpota. Ọmọdé ni wọ́n, wọ́n ń fọ́ òkúta láti òwúrọ̀ di alẹ́. Abẹ́ Olúmọ tí àwọn baba wa sá sí nítorí àwọn akónilẹ́rú, ibẹ̀ náà ni àwa ti ń lo ọmọ ẹlòmíràn bí ẹrú. Ìjọba orílẹ̀-èdè méjèèjì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí rẹ̀ ní 2005. Òfin sì pọ̀: Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti fi òfin de fífi ọmọ sin gbèsè láti 1956, a sì ní Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ tiwa láti 2003. Ṣùgbọ́n òfin kò lè dáàbò bo ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ó ń gbé lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni ìyà ń jẹ. Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí gbé lọ́dọ̀ olùkọ́ kan fún ọdún mẹ́rin, bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, ǹ bá má dé kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ṣùgbọ́n baba mi mọ ilé náà, ó sì máa ń yọjú. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, mo gbé ohun mẹ́ta síwájú ẹgbẹ́ wa.

Èkínní, kí ẹgbẹ́ wa àti àwọn ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tí a ó máa kọ orúkọ ọmọ tí ó bá wá gbé lọ́dọ̀ ẹni sí, pẹ̀lú orúkọ òbí rẹ̀, ìlú rẹ̀, àti onígbọ̀wọ́ méjì. Ẹni tí inú rẹ̀ mọ́ kò ní kọ̀.

Èkejì, kí àwa olùkọ́ yé na ọmọ tí ó ń sùn kí a tó bi í léèrè ìdí tí ó fi ń sùn. Mo jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí, mo sì ti kọ́gbọ́n.

Ẹ̀kẹta, kí a dá àpò kan sílẹ̀ nínú owó ẹgbẹ́, tí a ó máa fi yá ìdílé tí àìsàn tàbí òfò bá bá lójijì, láìgba èlé. Ìtàn ti kọ́ wa pé gbèsè òjijì ni ó ń ti ọmọ jáde nílé. Bí a bá sì lè dín ìnáwó òkú kù, a ti bá ọ̀pọ̀ ọmọ wí ire.

Àwọn baba wa ní bí a ṣe bí ẹrú ni a bí ọmọ. Rẹ́jísítà ọdún tí ọmọbìnrin náà lọ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó yẹ kí n fi gègé pupa fa ilà lórí orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe fún ẹni tí ó bá kúrò ní ilé-ìwé. N kò fà á. Bí ẹnikẹ́ni bá wá béèrè rẹ̀ ní ọjọ́ kan, kí ó bá orúkọ ọmọ rẹ̀ níbẹ̀.

Kí Olódùmarè má ṣe jẹ́ kí a fi ọmọ san gbèsè. Kí ìlú wa tòrò, kí ó tùbà tùṣẹ. Àṣẹ.